Ẹ Má Kó Gbogbo Owó Wáyà Sí Pálọ̀, Kíṣìnì Ni Iṣẹ́ Pọ̀ Sí

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn onílé àti àwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́ n'Íjẹ̀bú àti ní Rẹ́mọ ti máa rí i kà, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Iṣẹ́ wáyà ilé ni mò ń ṣe, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fi ṣe ibùjókòó, àmọ́ iṣẹ́ máa ń gbé mi dé Òdògbolu, Àgọ́-Ìwòyè, Ìpẹru, Ṣàgámù, kò síbi tí a kì í dé. Ohun tí mo ń rí nínú kíṣìnì àwọn èèyàn wa ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Àwa Ìjẹ̀bú ọmọ aláre, a fẹ́ràn ilé tó dùn ún wò, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé, tó mọ̀ pé tí Iléyá bá dé, lọ́jọ́ kẹta tí a bá ń ṣe Ojúde Ọba, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ òun máa ya wọlé, kò ní fẹ́ kí pálọ̀ òun tini lójú. Torí ẹ̀ ni onílé ṣe máa ń kọ́kọ́ mú mi lọ sí pálọ̀, á máa fọwọ́ hàn mí, ṣáńdẹ́líà níbí, iná kéékèèké yí etí POP ká, tẹlifíṣọ̀n níbí, AC lókè yẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan torí fóònù. A ó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Tí a bá wá dé kíṣìnì, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ mọ́: "Fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan síbẹ̀ yẹn fún wọn, bẹ̀léńdà náà ni wọ́n máa lò." Ìyá ilé gan-an kì í sí níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ wáyà. Ẹni tó máa dúró nínú kíṣìnì yẹn láàárọ̀ lálẹ́, tó máa fọwọ́ tutù tẹ súìṣì yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ohun tó fẹ́ lò níbẹ̀. Èyí ló máa ń bí mi nínú jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pa pọ̀. Gílóòbù LED tí ẹ tò yí pálọ̀ ká, ọ̀kan ò jẹ ju bíi wáàtì 9 tàbí 10 lọ. Tẹlifíṣọ̀n ńlá yẹn, bóyá wáàtì 100 sí 150. Kẹ́tù oníná kan ṣoṣo nínú kíṣìnì, wáàtì 2000 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, òmíràn tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sítóòfù oníná olójú méjì náà, 2000. Microwave tí wọ́n kọ 800 sí lójú, èyí tó ń fi se oúnjẹ nìyẹn, èyí tó ń fà látara ògiri á tó 1200. Ẹ wá mú wáàtì yẹn, ẹ fi fóòtì 230 tí a ń lò ní Nàìjíríà pín in, ẹ̀ẹ́ rí iye áńpù tó ń gba inú wáyà: kẹ́tù, áńpù 8.7, sítóòfù, 8.7, microwave, 5.2. Gbogbo ẹ̀ lé ní áńpù 22, a ò tíì dárúkọ fíríṣà, a ò tíì dárúkọ bẹ̀léńdà tí wọ́n fẹ́ fi lọ ata. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, áńpù 13 ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ò tó wáàtì 3000.

Torí náà, tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fi sí kíṣìnì, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n á lọ ra ẹ́sítẹ́nṣọ̀n. Ẹ́sítẹ́nṣọ̀n ní ihò mẹ́rin márùn-ún, ó dà bíi pé ààyè wà, àmọ́ orí kan náà ló fi ń mu iná, orí yẹn sì ni áńpù 13. Kẹ́tù àti sítóòfù lẹ́ẹ̀kan náà ti fi ẹ́sítẹ́nṣọ̀n yẹn sínú wàhálà, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín ṣe tí kò tiẹ̀ ní fíùsì nínú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí: tí iná tó ń gba inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń mú jáde kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi máa ń ṣe dáadáa fún ìgbà pípẹ́, tí ẹnì kan á kàn wá fi nǹkan kan lé e lọ́jọ́ kan, tí gbogbo ẹ̀ á yọ́.

Mo máa ń tú irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ dáadáa. Níta, ẹ̀gbẹ́ ihò kan á ti pọ́n rúsúrúsú, nígbà mìíràn ike á ti wú díẹ̀. Tí mo bá tú u kúrò lára ògiri, ike ara wáyà pupa á ti le gan-an, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ á máa já wẹ́wẹ́ bọ́ sílẹ̀, bàbà inú ẹ̀ á ti dúdú, síkúrúù tó dì í mú á ti dẹ̀ débi pé ìka lásán lè yí i. Níbi tí wáyà ò bá ti fara mọ́ irin dáadáa, ibẹ̀ ni iná ti ń jà kó tó kọjá, ìjà yẹn ló ń di ooru, ooru á tún mú kí síkúrúù dẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa ti ara wọn lọ. Òórùn ẹ̀ máa ń dà bíi ti ẹja tó ti ń bàjẹ́. Mo mọ ìyá kan tó fọ fíríìjì ẹ̀ léraléra torí òórùn yẹn, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yìn fíríìjì ni, lára ògiri. Ẹ̀yin ìyá wa, tí ẹ bá ń gbóòórùn ẹja nínú kíṣìnì tí ẹ ò sì se ẹja, ẹ pa iná kíṣìnì látibi bọ́ọ̀dù, ìyẹn ibi tí àwọn bírékà tó ń pa iná wà, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ wá pe ẹni tó mọṣẹ́.

Nígbà tó bá jóná tán, NEPA la máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní iná tó pọ̀ jù ni wọ́n gbé wá. Lóòótọ́, iná tó pọ̀ jù máa ń wá lọ́jọ́ mìíràn, mi ò ní sọ pé irọ́ ni, àmọ́ iná tó pọ̀ jù, gbogbo ilé ló ń bá jà, á ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́, á ba gílóòbù jẹ́, á ba nǹkan ilé kejì náà jẹ́. Tó bá jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣìnì nìkan ló jó, tí gbogbo nǹkan yòókù wà bó ṣe wà, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ wà, wáyà yín ni kí ẹ lọ wò.

Ọ̀rọ̀ wáyà yìí gan-an nìdí ìwé mi. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára wáyà, bí bàbà inú ẹ̀ ṣe nípọn tó ni. Wáyà 1.5, iná òkè ni wọ́n ṣe é fún, gílóòbù. Tó bá wà nínú páìpù nínú ògiri, kò yẹ kó gbé ju bíi áńpù 15 lọ. Wáyà 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, òun náà nínú ògiri á gbé bíi 20 sí 24. Àmọ́ ẹ lọ wo ọ̀pọ̀ ilé wa, pàápàá àwọn ilé àtijọ́ ńlá ńlá tí wọ́n fi kíṣìnì sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n wá mú kíṣìnì wọnú ilé nígbà tó yá. Iná kíṣìnì ò wá láti bọ́ọ̀dù rárá. Láti sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni wọ́n ti fa wáyà lọ sí yàrá, láti yàrá ni wọ́n ti fà á dé kíṣìnì, òmíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n ti ibi súìṣì gílóòbù fà á, wáyà 1.5, nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ wọn. Ibi tó ń lo iná jù nínú ilé ló wá wà ní ìkẹyìn wáyà, ohun tó ń fà ń gba inú gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú kọjá, gbogbo síkúrúù tó bá dẹ̀ lójú ọ̀nà ló máa gbóná.

Tí bírékà bá wá ń já, wọ́n á pe ẹnì kan, ẹni yẹn á yọ bírékà 20, á fi 32 tàbí 40 dípò ẹ̀. Bírékà ò já mọ́, wọ́n á ní ọwọ́ ẹ̀ dáa, wọ́n á fún un lówó. Ẹ gbọ́ o, wáyà ni bírékà ń ṣọ́, kì í ṣe kẹ́tù. Ó ń já torí ó rí i pé wáyà ti fẹ́ gbé ohun tí agbára ẹ̀ ò ká. Ẹni tó bá fi bírékà 40 sórí wáyà 2.5, tàbí sórí 1.5 tí mo tún máa ń rí, ó ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wáyà á wá jó kí bírékà tó mọ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Kíṣìnì gbọ́dọ̀ ní wáyà tiẹ̀, láti bọ́ọ̀dù tààrà, kó má bá pálọ̀ pín, kó má bá yàrá pín. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fa wáyà 2.5 kan láti orí bírékà 20, kó lọ láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì, kó parí síbẹ̀. Tàbí kí ẹ ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní ring: wáyà 2.5 á kúrò lórí bírékà 32, á yí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, á tún padà sórí bírékà kan náà, tó fi jẹ́ pé ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí 2.5 fi lè wà lórí 32. Ring dáa o, àmọ́ ó ní àléébù kan: tó bá já lójú ọ̀nà kan, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lá wá máa gbé gbogbo ẹrù. Ẹni tó bá ṣe ring fún yín gbọ́dọ̀ fi mítà ọwọ́ wọ̀n ọ́n lójú yín kó tó gbowó. Tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, kó ṣe wáyà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí bírékà 20 méjì, ó dára bẹ́ẹ̀ náà, èmi fúnra mi tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ jù fún ilé wa, torí tí ọ̀kan bá já, fíríṣà lè wà lórí èkejì, ẹran ò ní bàjẹ́.

Sítóòfù ńlá oníná ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, wáyà 6, súìṣì áńpù 45. Gáàsì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò báyìí, súìṣì yẹn á kàn wà lára ògiri láìṣiṣẹ́, ni àwọn kan ṣe ń ti ẹ̀yìn ẹ̀ fa wáyà 2.5 lọ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì yòókù. Ẹ má gbà fún wọn. Bírékà tó wà lórí ẹ̀ tóbi ju ohun tí 2.5 lè gbé lọ.

Ring yìí àti sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́rin tí à ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, lákòókò ogun Hitler. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1942 láti ro bí wáyà ilé ṣe máa rí lẹ́yìn ogun, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀ ọ̀hún ni Caroline Haslett, iṣẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn ni láti máa là àwọn obìnrin lọ́yẹ̀ nípa iná nínú ilé. Ní 1947 ni òfin sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí jáde. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ronú sí i: ẹsẹ̀ òkè, èyí tó gùn jù lára orí wáyà, ti ẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, òun ló kọ́kọ́ ń wọlé, òun ló sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó dé ihò méjì ìsàlẹ̀, kí ọmọdé má baà ti nǹkan bọ̀ ọ́. Kí làwa ń ṣe? A ó mú ìdérí bírò, a ó tì í bọ ihò òkè, ká lè ki orí ẹlẹ́sẹ̀ méjì wọ ìsàlẹ̀. Mo ń rí i nínú kíṣìnì àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. Ohun tí wọ́n fi pa ọmọ yín mọ́ lẹ fi bírò ṣí yẹn, ẹ ra adaptor tó dáa, kò wọ́n.

Ẹ́ẹ̀tì náà wá ni èyí tó ń dùn mí jù. Ẹ ti rí ilé tí wọ́n fi sílípáàsì rọ́bà sí ẹ̀gbẹ́ fíríṣà rí? Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i á kọ́kọ́ wọ sílípáàsì. Ọmọdé tó bá gbàgbé á pariwo, wọ́n á ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ kí o máa wọ bàtà." Gbogbo ilé ti gbà pé bí fíríṣà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Iná ti jò sí irin ara ẹ̀, ó ń wá ọ̀nà àtilọ sínú ilẹ̀, kò rí wáyà ẹ́ẹ̀tì gbà, ara ọmọ yín ló fẹ́ gbà. Ilẹ̀ kíṣìnì máa ń tutù, omi ń dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, ọwọ́ ń tutù, ọjọ́ kan á ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò ní jẹ́ ariwo lásán.

Ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ń tú, wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn ẹ̀, pupa àti dúdú, ibi tó yẹ kí aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò wà ṣófo. Òmíràn ní wáyà mẹ́ta, àmọ́ tí a bá tẹ̀ lé ẹ̀kẹta dé ìta, kò sí irin kankan nínú ilẹ̀. Wọ́n gbowó irin bàbà, wọ́n gbowó èédú àti iyọ̀ tí a máa ń bù sí kòtò ẹ̀, wọn ò gbẹ́ kòtò. Ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ lójú yín.

Irin nìkan náà ò tó. Ìdí rèé: ká ní ilẹ̀ yín dáa díẹ̀, tí irin yẹn ní ohm 20 (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), iná 230 tó bá jò gba ibẹ̀ ò ní ju áńpù 11 àbọ̀ lọ. Bírékà 20 tàbí 32 ò ní mira, kò ní já, irin ara fíríṣà á ṣì ní iná lára, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti wọ gàù. Nítorí ìyẹn la ṣe ń fi RCD sí bọ́ọ̀dù, àwọn tó ń tà á lè pè é ní RCCB, àwọn àgbà oníná ṣì ń pè é ní ELCB. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wo iná tó lọ àti iná tó padà, tí wọn ò bá dọ́gba, á jẹ́ pé èyí tó kù ti gba ibòmíràn lọ, bóyá ara èèyàn, á pa gbogbo ẹ̀ kíá, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí wọ́n kọ 30mA sí lára ni kí ẹ rà fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ní bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ T tàbí Test sí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí iná bá wà, tí kò bá já, ó ti kú nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó owó ṣáńdẹ́líà.

Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ámẹ́ríkà máa ń sọ fún wa pé kò sí irú èyí níbẹ̀. Òótọ́ ni, torí òfin wọn sọ pé wáyà kíṣìnì ilé kò gbọdọ̀ dín ní méjì, áńpù 20 kọ̀ọ̀kan, fún ohun èlò orí káńtà, kò gbọdọ̀ bá yàrá pín in, wọ́n sì fi ohun tó ń ṣe iṣẹ́ RCD yẹn sí i. Àmọ́ fóòtì 120 ni tiwọn o, kì í ṣe 230. Bẹ̀léńdà àti kẹ́tù tí wọ́n kó sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ yẹ ìdí ẹ̀ wò kí ẹ tó kì í bọ iná. Tó bá jẹ́ 120 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, á jó lójú ẹsẹ̀.

Nípa ibi tí ẹ máa fi wọ́n sí, sọ́kẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ sún mọ́ síńkì, ó kéré tán kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹ̀gbẹ́, kó má sì sí lókè ojú gáàsì níbi tí ooru àti epo á ti máa ta sí i. Ti fíríṣà ní ipò tiẹ̀. Lórí káńtà, ẹ ṣe oníhò méjì méjì ní ibi mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni tó bá fẹ́ ro ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò Iléyá, tó fẹ́ fi ẹ̀rọ lọ ewùrà níhìn-ín, tó fẹ́ se omi gbígbóná lọ́hùn-ún, kò yẹ kó máa na wáyà kọjá níwájú síńkì.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà tí ẹ ń rà pẹ̀lú. Wáyà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí dáa, àmọ́ ayédèrú wà lọ́jà, wọ́n á kọ 2.5 sí i lára, inú ẹ̀ ò ju 1.5 lọ, òmíràn ni alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ fá a díẹ̀, tí inú ẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Oníná tí ẹ bá pè, ẹ bi í bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó bí iṣẹ́ iná ṣe yẹ kó rí, kò sí ìtìjú níbẹ̀, èmi náà, wọ́n ń bi mí.

Ọ̀gá Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn onílé mú ìyá ilé dání lọ sí sáìtì kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri kíṣìnì, kó dúró síbẹ̀, kó tọ́ka síbi tí fíríṣà máa wà, ibi tí kẹ́tù máa wà, ká fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri, lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ká tó gbẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, tí wọ́n ti lẹ táìlì mọ́ ọn, ẹni tó máa fọ́ ọ ò wọ́pọ̀. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ ò lè tú ògiri onílé, àmọ́ ẹ má lo kẹ́tù àti sítóòfù oníná lẹ́ẹ̀kan náà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kí ẹ sì sọ fún lándílọ́ọ̀dù ní kíákíá tí iná bá ń gbé yín lára fíríṣà. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù, tí wọ́n bá sọ fún yín, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wọ sílípáàsì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníná kan, Ìjẹ̀bú-Òde.